Ohùn Mi Ni Yóò Wà Níbẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 Èbìbí

Wọ́n ti kó èyí tó kù nínú fáìlì mi lọ lónìí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn yìí, n kò rí i kí yàrá mi ṣófo tó báyìí rí. Mo húkọ́, yàrá náà dá mi lóhùn.

Inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí. Ọjọ́ méjì ni àwọn tó ta ètò tuntun yìí fi kọ́ wa. Ẹni tó ń kọ́ni ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, ọfà ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń fò kiri bí eṣinṣin. Ó bi wá bóyá ó yé wa. Gbogbo wa ní ó yé wa. Irọ́ gbuu ni gbogbo wa pa.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn dìde. Ọ̀gá Táì là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò sí oòrùn tó lè mú kó tú táì ọrùn rẹ̀. Ó ní ìdánwò yóò wà ní ọjọ́ kejìlá oṣù Òkúdù. Nọ́ọ̀sì tí kò bá gba ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún yóò kúrò ní wọ́ọ̀dù, yóò lọ máa ka bándéèjì ní ilé ẹrù tó wà lẹ́yìn ìlú. Bó ṣe ń sọ ọ́, àwọn nọ́ọ̀sì àgbà ló ń wò. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Èmi náà kà wọ́n.

Mátíróònì wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin wá jókòó sórí àpótí nínú yàrá mi, ó sunkún díẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Ọwọ́ tí mo fi gbẹ̀bí ọmọ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, òun ni wọ́n ní kò lè mú máòsì."

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Kì í ṣe nítorí pé mo jẹ́ akólòlò. Kò sí ọ̀rọ̀ náà ni.

Ọjọ́rú, 6 Èbìbí

Òjò láti ìdájí. Ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀.

Èmi mọ ètò yìí. Èmi ni wọ́n ní kí n máa kó àwọn fáìlì àtijọ́ wọ inú rẹ̀ láti oṣù Èrèlè, kò sí kọ̀rọ̀ rẹ̀ tí n kò mọ̀. Mo jókòó ti Mátíróònì lónìí, mo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń forúkọ aláìsàn tuntun sílẹ̀. Ó gbà wá ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Ó yé e. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ó ti gbàgbé. Àwọn mẹ́tàlá tó kù wá ń kọ́? Ẹnu tèmi kì í ṣe ẹnu tí wọ́n ń fi sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrìnlá.

Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé ló sọ sí mi lọ́kàn: kí kọ̀ǹpútà máa bá mi tún un sọ. Ètò kan wà, ọ̀fẹ́ ni, tó ń ká gbogbo ohun tí ojú kọ̀ǹpútà bá ń ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń ṣe é. Ẹni tó bá ń wò ó lè dá a dúró, kó dá a padà, kó wò ó lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kò sẹ́ni tí yóò pòṣé sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Èbìbí

Mo sọ fún ìyàwó mi. Télọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n ṣe àwòrán yẹn, òun á bá mi sọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra wa, ní báńkì, lọ́dọ̀ onílé, lórí fóònù. N kò bá a jiyàn lé e rí. Ṣùgbọ́n lónìí, mo kọ̀. Mo ní ohùn mi ni yóò wà níbẹ̀.

Ó wò mí títí. Ó béèrè bóyá láti ọjọ́ yìí wá, ńṣe ni òun ń dójú tì mí. Mo fẹ́ ṣàlàyé, àlàyé náà há mọ́ mi lọ́nà ọ̀fun. Ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó ń ránṣọ bí ẹni tí aṣọ náà ṣẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Èbìbí

Mo ra máíkì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ. Ẹni tó ń tà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, kò ní dín. Mo fẹ́ sọ pé mẹ́fà. Mo há sórí "mẹ́", mo ń lọ́ ọ, mo ń lọ́ ọ. Kí n tó dé "fà" ó ti rò pé mo ń bínú, ó fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ó yẹ kí àwọn ọlọ́jà máa bẹ̀rù akólòlò.

Nírọ̀lẹ́, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ilé ìwòsàn ní kí n máa gbé wálé, mo ká ẹ̀kọ́ kìíní sílẹ̀: bí a ṣe ń forúkọ aláìsàn sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Òógùn bò mí. Mo ṣí i láti gbọ́ ọ. Kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀. N kò tan máíkì.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Èbìbí

Mo tún un ká. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ara mi.

Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo ti ń gbé inú ara yìí, n kò gbọ́ ohùn mi láti ìta rí. Mo rò pé mo mọ bó ṣe rí. N kò mọ̀. N kò mọ̀ pé mo máa ń mí sínú bí ẹni tó fẹ́ kó sómi kí n tó sọ ọ̀rọ̀ tó le. Mo gbé ọfà lọ sórí ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Mo gbé e kúrò.

Ohun tó burú jù ni "tẹ̀". Láti kékeré ni "t" ti jẹ́ ọ̀tá mi, mo sì ti mọ bí a ṣe ń yà fún un lọ́nà. Dípò "tábìlì" mo lè sọ pé "ibi ìkọ̀wé". Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tẹ ibí, tẹ ọ̀hún ni láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Mo wá ọgbọ́n dá. Mo ní "fi ọwọ́ kàn án".

Ọjọ́rú, 13 Èbìbí

Mo fi ẹ̀kọ́ kìíní ránṣẹ́ sí fóònù àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lánàá. Mo kọjá ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin láàárọ̀ yìí, mo bá Mátíróònì níwájú kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka gún dígí rẹ̀. Ó gún un títí. Ó ní, "Bàbá Fáìlì, mo ti fọwọ́ kàn án bí ẹ ṣe wí, ẹ̀rọ yín kò dáhùn."

Nọ́ọ̀sì méjì mìíràn ti ṣe bẹ́ẹ̀. Dígí kọ̀ǹpútà gbogbo ilé ìwòsàn kún fún àmì ìka.

Kò sí ibi tí mo lè yà sí mọ́. "Tẹ̀" ni màá sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Èbìbí

Mo tún ẹ̀kọ́ kìíní ká pátápátá. Mo sọ "tẹ̀" nígbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. N kò yà fún ọ̀kan. Àwọn kan jáde wẹ́rẹ́. Àwọn kan, mo dúró níwájú wọn bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n tì.

Mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́ kí n tó rí i pé ìwé aláìsàn gidi kan hàn lápá òsì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àìsàn rẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi di kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn mú, n kò jẹ́ kí ojú kan kọjá síbi tí kò tọ́. Mo pa á rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà mo dá aláìsàn kan fúnra mi. Ọ̀gbẹ́ni Àpẹẹrẹ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé méjì ni, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán.

Ìyàwó mi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tó gùn ju "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó láti ká a lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ tí máṣíìnì rẹ̀ dákẹ́. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́ títí mo fi ṣe tán.

Ọjọ́ Ajé, 18 Èbìbí

Oòrùn mú bí iná. Ẹ̀kọ́ kejì ti dé ọwọ́ wọn. Láàárín rẹ̀ gan-an, bí mo ṣe ń ṣàlàyé ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ tí ìyàwó mi fi ránṣẹ́ yọ sí kọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà: "Ẹ má gbàgbé ọṣẹ." N kò rí i kí n tó fi ránṣẹ́. Lónìí, àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́fà ló bi mí bóyá mo ra ọṣẹ.

Mo sọ ọ́ fún un nílé. Ó fẹ́ fajú ro, kò lè ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Mo rò pé ẹ kò nílò mi mọ́ ni."

Mo ní ìdákẹ́jẹ́ ni mo nílò lọ́wọ́ rẹ̀, wákàtí kan lálaalẹ́, ẹ̀bùn tó sì ṣòro jù fún un nìyẹn. Ó gbà pé òótọ́ ni.

Ọjọ́rú, 20 Èbìbí

Ọkùnrin kan ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò gé gbogbo ibi tí mo ti há sórí "tẹ̀", ó so wọ́n pọ̀, ó di fọ́nrán ìṣẹ́jú kan. T-t-t-t láti òkè dé ilẹ̀. Ó kọ òwe sísàlẹ̀ rẹ̀: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ó ti dé orí fóònù gbogbo ènìyàn kó tó di ọ̀sán. Wọ́n ń ṣí i fún ara wọn gbọ́ nílé oúnjẹ. Bí mo ṣe wọlé, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pa òwe yẹn fún mi, olúkúlùkù wọn sì rò pé òun ló kọ́kọ́ pa á. Mo ti pe baba tipẹ́. Baba ọ̀hún sì jẹ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 21 Èbìbí

N kò ká nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Èbìbí

Mo jí, inú ń bí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìbínú náà, nítorí ó sàn ju ti àná lọ. Mo jókòó, mo tan máíkì, mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo sọ kí ọfà tó mira rárá nìyí: "Mo k-k-kólòlò. Ẹ ti gbọ́. Ẹ̀kọ́ kẹta rè é."

Mo ká a, mo fi ránṣẹ́. N kò gé ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin yàrá àyẹ̀wò náà, bóyá yóò nílò ọjà sí i.

Lọ́sàn-án, Mátíróònì pè mí sẹ́yìn wọ́ọ̀dù. Mo rò pé ó fẹ́ tù mí nínú, mo ti gbára dì láti kọ̀ ọ́. Kò tù mí nínú. Ó ní fídíò tí àwọn tó ta ètò náà ṣe wà lórí fóònù òun, kí òun tó rí bọ́tìnì kan, onítọ̀hún ti tẹ mẹ́rin. "Ṣùgbọ́n tìrẹ, bí o bá ti há sórí 'tẹ̀' yẹn, ìgbà yẹn gan-an ni mo máa ń rí ibi tó wà."

Ó gbàgbé láti pè mí ní "ẹ". Ó pè mí bí àbúrò.

Ọjọ́rú, 27 Èbìbí

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ti pé. Ọ̀gbẹ́ni Àpẹẹrẹ ti di gbajúmọ̀. Wọ́n máa ń bi mí bí ara rẹ̀ ṣe rí. Nínú ìdánrawò lánàá, Mátíróònì ṣèèṣì gbé e lọ sí ìyẹ̀wù àwọn aboyún, ó sì bí ọmọ méjì. A kí i kú ewu.

Ọ̀gá Táì ránṣẹ́ pè mí. Ó ní iṣẹ́ náà dára, yóò sì fi í sójú ìkànnì ilé ìwòsàn fún gbogbo òṣìṣẹ́. Ó wá rọra tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní àwòrán ni òun yóò lò, wọn yóò yọ ohùn kúrò, Ohùn-Oyin yóò sì sọ ọ̀rọ̀ tuntun sí i. Ohùn-Oyin ni ọkùnrin tó máa ń kéde ní gbogbo ìpàdé wa. Ohùn rẹ̀ dùn lóòótọ́. Ó ní, "Ẹ ó rí i pé ire ilé ìwòsàn ni, Bàbá Fáìlì."

Mo sọ pé n kò fọwọ́ sí i. Ó ní kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ni mo fi ṣe é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀fun tí mo fi ṣe é kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Ó gbà mí ní àkókò díẹ̀ kí n tó sọ ọ́ tán, ó sì ti ń ka ìwé mìíràn nígbà tí mo parí.

Mo ṣe ẹ̀dà gbogbo fídíò mi, pẹ̀lú ohùn wọn, sórí fílàṣì méjì. Ìyàwó mi gbé ọ̀kan sínú àpótí bọ́tìnì rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Èbìbí

Ẹ̀kọ́ karùn-ún dá lórí bí a ṣe ń kọ oògùn tí a ti fún aláìsàn. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, bọ́tìnì méjì wà légbẹ̀ẹ́ ara wọn, "Pa mọ́" àti "Pa rẹ́". Mo lo ìṣẹ́jú méjì gbáko lórí ìyàtọ̀ wọn. Nínú ti Ohùn-Oyin, tí wọ́n gbé sójú ìkànnì lánàá, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ló fi kọjá níbẹ̀, ó sì sọ pé kí a tẹ "Pa rẹ́". Ọfà tèmi wà lórí "Pa mọ́" nínú àwòrán, ohùn tirẹ̀ ń sọ òdìkejì.

Nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin fi ohùn náà sétí, ó ń ṣe bó ṣe wí. Oògùn àárọ̀ àwọn aláìsàn mọ́kànlá parẹ́. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀sán gorí iṣẹ́, ojú kọ̀ǹpútà sọ fún wọn pé ẹnì kankan kò tíì gba oògùn. Wọ́n ti fa abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà fún ìyá àgbà kan tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta. Mátíróònì ń lọ sílé, báàgì rẹ̀ ti wà léjìká. Ó rí wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló fún ìyá náà lábẹ́rẹ́ láàárọ̀. Ó di ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó gbé abẹ́rẹ́ náà mú.

Ìyá náà ń sùn. Kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀ pé fídíò Bàbá Fáìlì fẹ́ pa ènìyàn.

Ọjọ́ Àìkú, 31 Èbìbí

Òjò. Ìpàdé ní ọ̀la. Ìyàwó mi béèrè bóyá kí òun tẹ̀ lé mi. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò bínú. Ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé, 1 Òkúdù

Àwa bí ogójì nínú yàrá ìpàdé. Ọ̀gá Táì ní òun kò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lẹ́bi. Ó ní ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kíkọ́ni máa kọ́ni. Ó ní láti òní lọ, kò gbọdọ̀ sí fídíò kankan mọ́.

Mo dìde. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi lọ síwájú, mo so ó mọ́ èyí tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Ó béèrè ohun tí mò ń ṣe. Ọwọ́ mi dí. Mo ṣí ẹ̀kọ́ karùn-ún, ti èmi, ti ohùn mi.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni mo fi gbọ́ ara mi níwájú ogójì ènìyàn. T-t-tẹ "Pa mọ́". Ẹ má t-tẹ "Pa rẹ́". Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó t-t-t-tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yàrá àyẹ̀wò wà níbẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí ó parí, mo fi ti Ohùn-Oyin tẹ̀ lé e, ibi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn nìkan.

Ohùn-Oyin fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní bébà tí wọ́n tẹ̀ láti ọ́fíìsì ọ̀gá ni òun kà, òun kò mọ bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rárá, ì bá sì dára kí òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sí mi. N kò fẹ́ gbà á tẹ́lẹ̀. Mo gbà á. Akin ni ẹni tó bá gbà ní gbangba pé òun jẹ̀bi.

Fídíò tèmi ti padà sójú ìkànnì, pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Ọ̀gá Táì kò tọrọ àforíjì. Ó ní kí n "máa tẹ̀ síwájú". N kò tíì dúró tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́rú, 3 Òkúdù

Ẹnì kan fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì ọ̀gá: ètò kan wà tó lè gé gbogbo ìkólòlò kúrò, kí ọ̀rọ̀ mi máa dún geere. Mo dá wọn lóhùn pé bí wọ́n bá gé e, àwọn nọ́ọ̀sì yóò máa sáré lé bọ́tìnì. N kò kọ ìdí kejì. Ìdí kejì, tèmi ni.

Ọjọ́ Ajé, 8 Òkúdù

Ẹ̀kọ́ méjìlá ti pé. Gbogbo ìsinmi ọ̀sán, yàrá fáìlì mi tó ṣófo ti di ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń jókòó lórí àpótí, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ara Ọ̀gbẹ́ni Àpẹẹrẹ. Ọ̀kan nínú wọn ti mọ ohùn mi débi pé ó máa ń bá mi sọ ọ́ lọ, ó sì máa ń dúró níbi tí mo bá dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń sín mi jẹ ni. Rárá, bó ṣe há a sórí nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Òkúdù

Ìdánwò. Wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Mo rìn yí ilé ìwòsàn ká lẹ́ẹ̀mẹta, aṣọ́bodè bi mí bóyá ìyàwó mi ń rọbí.

Ọjọ́ Ajé, 15 Òkúdù

Èsì jáde lágogo mẹ́sàn-án. Mátíróònì gba mọ́kànléláàádọ́rin. Ó ka nọ́ńbà náà, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó wá lọ yẹ aláìsàn wò bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Méjìlá nínú mẹ́rìnlá yege.

Méjì kò yege. Ọ̀kan gba mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, èkejì gba méjìléláàádọ́ta. Àwọn méjèèjì ló wà lórí iṣẹ́ alẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí. Bí a bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án, oorun ni wọ́n ń sùn. Lágogo mẹ́wàá, lẹ́tà ilé ẹrù ti dé ọwọ́ wọn. Ó dájú pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí èsì tó jáde.

Mo gòkè lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá Táì. N kò kọ nǹkan kan sórí bébà. Ènìyàn mẹ́ta wà lórí ìjókòó níbẹ̀, ó ní kí n sọ ohun tí mo bá wá kíákíá.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ pé àwọn méjì yìí wà lórí iṣẹ́ alẹ́. Mo há sórí gbólóhùn kejì. Ọ̀gá Táì gbé ọwọ́ sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó ti yé mi, Bàbá Fáìlì. Ẹ fẹ́ kí n ṣàánú wọn."

Mo ní, "R-r-rárá. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀, sà."

Akọ̀wé rẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá Táì ń wo aago ara ògiri. Mo rí i pé ó ń wò ó. Mo jẹ́ kó wò ó. Mo mí, mo dúró de ọ̀rọ̀ mi títí ó fi dé: "Èmi kò wá t-t-tọrọ àánú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo wá gbà, ọ̀sẹ̀ méjì lórí iṣẹ́ ọ̀sán, kí wọ́n t-tún ìdánwò ṣe. Bí wọn kò bá yege, ẹ kó èmi náà mọ́ wọn."

Gbólóhùn mẹ́ta ni. Ó gbà mí ní ohun tó tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó, bàbá arúgbó kan tí n kò mọ̀ rí, sọ fún ọ̀gá pé ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀gá Táì gba lẹ́tà méjèèjì padà. Ó kọ ọjọ́ ìdánwò tuntun sí wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Òkúdù

Ọ̀kan gba mẹ́rìndínláàádọ́rin, èkejì gba ọgọ́rin.

Ẹni tó gba ọgọ́rin ló wá bá mi nínú yàrá fáìlì. Ó dì mọ́ mi lọ́wọ́, ó fẹ́ dúpẹ́. Ó ní, "Bàbá Fáìlì, ẹ..." Ẹkún sì há a lọ́nà ọ̀fun. Ó tún gbìyànjú, ó tún há. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. N kò bá a parí rẹ̀. Mo fa àpótí kan sún mọ́ ọn, mo jókòó sórí èkejì, mo sì dúró dè é.